Ẹ̀rọ Ìránṣọ Nínú Ilé: Iṣẹ́, Ọmọ Títọ́ àti Ìsinmi ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ òde òní, pàápàá bí wọ́n bá ń jiyàn lórí ìgbéyàwó. Wọ́n á ní: "Láyé àtijọ́, ìyá a máa jókòó sílé tọ́jú ọmọ ni, bàbá ló ń lọ síbi iṣẹ́." Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní kíláàsì mi rí ti mọ ohun tí màá béèrè: ayé àtijọ́ ta ni? Ilé ta ni? Bí a bá fojú ìtàn wo ilẹ̀ Yorùbá, tí a wá sún mọ́ Èkó, tí a dúró sí Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, a ó rí i pé ìyá tó jókòó sílé kò jókòó lásán. Iṣẹ́ ló ń ṣe níbẹ̀. Ilé yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Lónìí, mo fẹ́ ká tọ ipasẹ̀ ohun èlò kan ṣoṣo, ìyẹn ẹ̀rọ ìránṣọ tí gbogbo wa ń pè ní máṣíìnì. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Máṣíìnì fún ọ̀pọ̀ ìyá láàyè láti wà nítòsí ọmọ wọn kí wọ́n sì máa rówó. Àmọ́ kò fún wọn nísinmi. Níbi tí ìyá bá ti rí ìsinmi nínú ìtàn yìí, ẹ máa wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ẹlòmíràn ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí máṣíìnì tó dé

Òfì ló ṣáájú. Oríṣi òfì méjì ni àwọn baba ńlá wa mọ̀. Ti ọkùnrin ni èyí tó ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó gba àyè gígùn, torí náà ìta lábẹ́ ibòji ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sí. Ti obìnrin ni èyí tó dúró ṣánṣán lára ògiri, tí wọ́n fi ń hun kíjìpá. Inú ilé tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn máa ń wà. Ṣé ẹ rí ibi tí wọ́n gbé e sí? Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ lè dìde lọ ro ọkà, kó fún ọmọ lọ́yàn, kó bá ẹni tó wá kí i sọ̀rọ̀, kó tún padà sídìí iṣẹ́. Àwọn ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ wọn ò lè rìn lọ sọ́jà mọ́ ló sábà máa ń ran òwú. Bí wọ́n ṣe ń ran òwú náà ni wọ́n ń bá ìyàwó ilé wo ọmọ.

Owó tí obìnrin bá rí níbẹ̀, tirẹ̀ ni. Àṣà wa kò retí pé kí ìyàwó kó owó òwò rẹ̀ fún ọkọ. Nítorí náà, iṣẹ́ ajé nínú ilé àti ọmọ títọ́ ti wà pa pọ̀ kí òyìnbó kankan tó fẹsẹ̀ kan Èkó.

Abẹ́rẹ́ àwọn míṣọ́nnárì

Nǹkan kan wà tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu: ọkùnrin ló ń ran agbádá, dàńṣíkí àti ṣòkòtò nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ló ń kó iṣẹ́ ọnà sí ọrùn aṣọ náà. Ìró obìnrin kò nílò aránṣọ púpọ̀. A ń ró o ni. Àwọn míṣọ́nnárì ló sọ abẹ́rẹ́ di ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin. Nígbà tí Anna Hinderer àti ọkọ rẹ̀ David dé Ìbàdàn ní 1853, ó kó àwọn ọmọdé sílé rẹ̀ ní Kúdẹtì, ó ń kọ́ wọn ní ìwé àti aṣọ rírán. Ní Èkó, ìjọ CMS dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní 1869, abẹ́rẹ́ sì wà lára ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba gan-an dá Queen's College sílẹ̀ ní 1927, pẹ̀lú ọmọbìnrin 20, ìtọ́jú ilé àti aṣọ rírán ṣì wà níbẹ̀.

Kí ni wọ́n ń wá? Wọ́n ń wá ìyàwó fún pásítọ̀, tíṣà àti akọ̀wé: obìnrin tí yóò dúró sílé, tí yóò tún ilé ṣe, tí owó oṣù ọkọ yóò sì máa bọ́. Kristin Mann kọ ìwé kan lórí ìgbéyàwó àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó, èyí tó jáde ní 1985. Ó fi hàn níbẹ̀ pé àwọn obìnrin kan gba ètò yìí lákọ̀ọ́kọ́, àmọ́ nígbà tó yá, wọ́n rí i pé owó ọkọ nìkan kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbára lé. Ọkọ lè kú, ó lè fẹ́ ẹlòmíràn, owó oṣù sì lè má tó. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún wọn láti fi ṣe ìyàwó ilé ni wọ́n sọ di òwò. Àwọn Sàró àti Àgùdà tó padà dé láti Sierra Leone àti Brazil ti mú kí gáùn àti kóòtù wọ́pọ̀ ní Èkó, nítorí náà iṣẹ́ wà.

Bí máṣíìnì ṣe wọlé

Isaac Singer gbàwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1851. Ohun tó jẹ́ kí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kárí ayé ni pé wọ́n ń ta ẹ̀rọ náà fún àwọn ìdílé lówó díẹ̀díẹ̀. Àwọn ìyá wa náà ti ní ọ̀nà tiwọn láti san owó ńlá díẹ̀díẹ̀: èsúsú. William Bascom kọ àpilẹ̀kọ lórí èsúsú ní 1952, ó sì fi han àwọn onímọ̀ ayé pé ètò ìṣúná tó gún régé ni. Bí obìnrin 12 bá ń dá iye kan náà lóṣooṣù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń kó gbogbo rẹ̀ ní oṣù tirẹ̀, láàárín ọdún kan olúkúlùkù á ti rí owó tó jọjú gbá mú. Ọ̀nà yìí ni máṣíìnì ọlọ́wọ́, lẹ́yìn náà ẹlẹ́sẹ̀, fi wọ yàrá àwọn tí kò ní kọ́bọ̀ ní báńkì.

Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ìlú Àwórì ni Ìsọlọ̀, ó ní ọba tirẹ̀, Ọ̀ṣọlọ̀. Orúkọ Òṣòdì ń rán wa létí Oṣòdì Tápà, jagunjagun tó bá Kòsọ́kọ́ lọ sígbèkùn ní Ẹ̀pẹ́. Oko ló pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Rélùwéè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láti Èkó ní 1896 gba Òṣòdì kọjá, èrò sì tẹ̀ lé e. Títí di 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni agbègbè yìí wà, kì í ṣe abẹ́ ìlú Èkó.

Ìyẹn ṣe pàtàkì, torí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955. Iye ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ní 800,000 lọ́dún yẹn, nígbà tó jẹ́ pé wọn ò tó 500,000 lọ́dún tó ṣáájú. Àwọn onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́ máa ń ka iye tíṣà àti kíláàsì. Èmi máa ń rò ó pé: ta ló rán yunifọ́ọ̀mù? Ọmọ ń dàgbà, ṣòkòtò ń ya nídìí, bọ́tìnnì ń já. Iṣẹ́ kékeré tí kì í tán nìyẹn, ìyá tó ní máṣíìnì nínú ilé ló sì bá a mu jù.

Ẹ fojú inú wo ilé tí a ń pè ní fésì-mí-àì-fésì-yù, tó kún Òṣòdì, Mafólúkù àti Ìsọlọ̀: yàrá kọjú sí yàrá, pásééjì kan láàárín, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ lẹ́yìn. Iwájú ilé ni máṣíìnì máa ń wà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ gbé wà tí oníbàárà sì ti lè rí i. Ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ ń rí gbogbo ọmọ ilé bí wọ́n ṣe ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Ọmọ tó bá ti sọnù láti ọ̀sán, òun ni wọ́n máa bi. Ọmọ tó bá jà níléèwé tí àpò ẹ̀wù rẹ̀ ya, òun ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Àwọn òbí wa ní ojú mẹ́rin ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Ojú aránṣọ wà lára igba yẹn. Òun náà ń jẹ àǹfààní ọmọdé: ojú rẹ̀ tó ti ń rẹ̀ kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ọmọ ọdún méje ló ń bá a ki òwú bọ̀ ọ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Ojú ọ̀nà náà ní tirẹ̀. Òbíọ̀mà, ọkùnrin tó gbé máṣíìnì lé èjìká, tó ń fi sáàsì pa kó-kó-kó kiri àdúgbò, ló ń bá àwọn tí kò ní máṣíìnì ṣẹ́ etí aṣọ, tó ń fún ṣòkòtò.

Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́

Ìsinmi wá ńkọ́? Bí Iléyá tàbí Kérésì bá ń bọ̀, aránṣọ kì í sùn. Aṣọ ẹbí ogún èèyàn lè wà nílẹ̀ tí gbogbo wọn ń wá a lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá ràn án lọ́wọ́ ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn á gbálẹ̀, á pọn ọmọ ọ̀gá, á lọ mú àwọn yòókù níléèwé, á sì wá kọ́ṣẹ́ nígbà tó bá kù. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ọ̀pọ̀ ìyá ló sinmi nítorí pé ọmọ ẹlòmíràn kò sinmi. Ọ̀pọ̀ òbí ló sì kùn pé ọmọ àwọn mọ àwo fọ̀ ju aṣọ gé lọ. Síbẹ̀, lọ́jọ́ fírídọ́ọ̀mù, ọmọ náà á gba ìwé ẹ̀rí, á gbé máṣíìnì tirẹ̀, á sì lọ bẹ̀rẹ̀ lójúde ilé mìíràn.

Ilé iṣẹ́ aṣọ dé, ó sì lọ

Lẹ́yìn òmìnira, ilé iṣẹ́ aṣọ pọ̀ ní Èkó. Ní Ìsọlọ̀, Aswani àti Afprint wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ láti Òṣòdì sí Àpápá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń gba owó oṣù, àmọ́ ṣíìfù ló ń ṣe. Bàbá tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ń sùn lọ́sàn-án nínú yàrá kan náà tí àwọn ọmọ ń ṣeré, ìyá ló sì ń bá a pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn ètò SAP ní 1986, náírà já wálẹ̀, ohun tí wọ́n ń kó láti òkè òkun wọ́n gógó, iná ò dúró, aṣọ fàyàwọ́ sì kún ọjà. Àwọn ilé iṣẹ́ ń tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Aswani náà dákẹ́.

Àmọ́ orúkọ rẹ̀ kò kú. Ọjà Aswani ń ná ní Ìsọlọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Tuesday, òkìrìkà sì pọ̀ níbẹ̀ bí iyanrìn. Níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ tuntun nígbà kan, àwọn èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ ṣa aṣọ tí ẹlòmíràn ti wọ̀ ní Yúróòpù. Ìyá tó ń rán ẹ̀wù ọmọdé kò lè bá iye owó yẹn díje. Ó wá di ẹni tó ń dín aṣọ òkìrìkà kù, tó ń yí síìpù padà. Bí owó bá ti kéré tó, wákàtí tó máa lò nídìí ẹ̀rọ á gùn sí i.

Ta ló ń fún ìyá nísinmi?

Ìjọba náà ti gbìyànjú rí láti dá àwọn èèyàn dúró sílé. Láti 1984, lásìkò ìjọba Buhari àti Ìdíàgbọn, sánítéṣọ̀n oṣooṣù gbilẹ̀. Ní Èkó, aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀ Saturday tó kẹ́yìn oṣù, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rìn. Òṣòdì tó máa ń hó yèè á pa lọ́lọ́. Bàbá wà nílé, ọmọ wà nílé. Àmọ́ ta ló ń gbá kọ́tà, ta ló ń fọ aṣọ, ta ló ń sè? Ìjọba Èkó fòpin sí i ní November 2016. Bí a bá rántí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká rántí pé kíkó gbogbo èèyàn jọ sílé nìkan kò fún ìyá nísinmi.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn àgbà mọ̀. Bí obìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ á gbé ẹrù wá. Ó ń fi omi gbígbóná wẹ ìyá ìkókó, ó ń wẹ ọmọ, ó ń sè fún wọn. Ó lè tó ogójì ọjọ́ kí ọlọ́mọ tuntun tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Ìsinmi tòótọ́ nìyẹn, torí pé ẹnì kan dìde kí òmíràn lè jókòó. Òfin ayé òde òní mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà: òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 12, owó tó sì gbọ́dọ̀ gbà kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdajì owó oṣù rẹ̀. Ní 2014, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ obìnrin ní oṣù mẹ́fà fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, ó sì fún bàbá ọmọ ní ọjọ́ 10.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà? Aránṣọ tó jókòó níwájú ilé rẹ̀ ní Ìsọlọ̀ kò ní ọ̀gá tó máa fún un ní líìfù. Ìyá rẹ̀ wà ní abúlé, ó sì lè máa ṣòwò tirẹ̀ náà. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ò pọ̀ mọ́. Bó bá bímọ lónìí, tí oníbàárà ń pe fóònù rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á dìde ni. Àwa ará ìta á wá sọ pé ó dára fún un, ilé ló kúkú wà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọkọ tí ẹ ń ka èyí, bí ìyàwó yín bá ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, ẹ má pè é ní ìjókòó. Ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́ kan, kí ẹ sì sọ fún oníbàárà pé ó ń sùn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nípò ìjọba, mo mọ̀ pé díẹ̀ nínú yín ń ka ojú ewé yìí, ètò líìfù tí ẹ ṣe fún òṣìṣẹ́ yín dára. Ẹ wá bí ẹ ṣe máa mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jẹ́ pé iwájú ilé wọn ni ọ́fíìsì wọn.