Ẹgàn àti Oko Igi ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àwọn baba wa kì í pe gbogbo ibi tí igi bá wà ní orúkọ kan náà. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò fi àdá kàn rí ni wọ́n ń pè ní ẹgàn. Ibi tí a ti dá oko sí rí, tí a sì fi sílẹ̀ kí ilẹ̀ rẹ̀ sinmi, lè di igbó padà, ṣùgbọ́n a kì í tètè pè é ní ẹgàn. Ibi tí ènìyàn bá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin igi sí, ìbáà ṣe kòkó, ìbáà ṣe obì, oko ni. Ìyàtọ̀ tí ó ti wà nínú èdè wa láti ìgbà pípẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbé sórí òṣùwọ̀n lónìí. Láti ìgbà ìjọba àwọn Òyìnbó ni a ti ń pe oko igi ní igbó nínú ìwé ìjọba, àṣìṣe inú orúkọ sì ti di àṣìṣe inú ìṣirò. Bí ó ti ṣe rí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wọ̀n. Bí a bá to igi jọ, tí a fi erùpẹ̀ bò ó, tí a sì sun ún díẹ̀díẹ̀, èédú ni ó máa ń kù. Èédú yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kábọ́ọ̀nù. Kì í ṣe inú ilẹ̀ ni igi ti rí i. Ewé ni ó fà á láti inú afẹ́fẹ́, tí igi sì fi kọ́ ìtì, ẹ̀ka àti gbòǹgbò ara rẹ̀. Nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n igi tí ó ti gbẹ ni kábọ́ọ̀nù. Bí igi bá jóná, tàbí tí ó bá jẹrà, púpọ̀ nínú rẹ̀ a tún padà sínú afẹ́fẹ́, a sì máa sé ooru mọ́ ayé. Igbó nígbà náà dàbí àká: kì í ṣe iye tí à ń kó wọlé lọ́dún nìkan ni a ó bi olóko, a ó bi í pẹ̀lú pé mélòó ni ó wà nínú àká, yóò sì ti pẹ́ tó níbẹ̀.

Kì í ṣe ìbéèrè yìí ni àwọn aláṣẹ ìgbà ìjọba Òyìnbó ń bèèrè. Nígbà tí Alfred Moloney, Gómìnà Èkó, tẹ ìwé rẹ̀ lórí igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde ní 1887, ọrọ̀ tí a lè rí kó nínú igbó ni ó jẹ ẹ́ lógún. Ní 1899 a ya Olókèméjì sọ́tọ̀, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn igbó ọba àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, H. N. Thompson, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ igbó ní Burma, wá di ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ igbó ní Gúúsù Nàìjíríà. Igi tíìkì, tí í ṣe igi ilẹ̀ Burma àti Íńdíà, ni a gbìn sí Olókèméjì.

Láti Burma kan náà ni ètò taungya ti wá. Ìjọba a fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ nínú igbó ọba. Àgbẹ̀ a ṣán an, a gbin iṣu àti àgbàdo, a sì máa tọ́jú ọmọ igi tí ìjọba fẹ́ láàárín ebè rẹ̀. Nígbà tí igi bá dàgbà tí òjìji rẹ̀ kò jẹ́ kí iṣu ta mọ́, àgbẹ̀ a kó lọ sí ibòmíràn. Ó yẹ kí àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí èdè kíyè sí i pé ìtumọ̀ taungya ní èdè Burma ni ‘oko orí òkè’. Àwọn ará Burma pè é ní oko. Ìwé ìjọba ni ó sọ ọ́ di igbó.

Ìtàn igbó Ọmọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Ní 1925 ni a fi í ṣe igbó ọba, gẹ́gẹ́ bí apá kan igbó Ṣaṣa. Ní 1935, P. W. Richards wá láti Cambridge, ó sì ṣe ìwádìí lórí àwọn igi igbó Ṣaṣa. Ní 1946 a ya hẹ́kítà 460 sọ́tọ̀ nínú Ọmọ pé kí àáké má ṣe kàn án, ní 1977 sì ni UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tí gbogbo ayé ní láti tọ́jú. Ṣùgbọ́n nínú ìyókù igbó ilẹ̀ wa, ọ̀tọ̀ ni ohun tí à ń ṣe. Láti 1944, àwọn òṣìṣẹ́ igbó bẹ̀rẹ̀ sí gé ìtàkùn, wọ́n sì ń fi májèlé pa igi tí kò lówó lórí, kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn sí ọmọ ọ̀ganwó àti àwọn igi gẹdú mìíràn. Ìmọ́lẹ̀ wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtàkùn ni ó jẹ àǹfààní rẹ̀ jù. Ní àwọn ọdún 1960 a pa ètò náà tì.

Lẹ́yìn èyí ni a bọ́ sí iṣẹ́ títóbi. A gé apá púpọ̀ nínú igbó Ọmọ, a dáná sun ún, a sì gbin mẹ́láínà, igi ilẹ̀ Éṣíà tí ó máa ń yára dàgbà, kí a lè fi ṣe ìwé ní ilé-iṣẹ́ tí a kọ́ sí Ìwopin. Ilé-iṣẹ́ náà kò fi ìgbà kan ṣiṣẹ́ tó bí a ti retí. Mẹ́láínà wà níbẹ̀. Ẹgàn tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di èéfín.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣí àká wò. Ní 2013, Simon Lewis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwọ̀n igi orí ilẹ̀ 260 tí a yàn nínú àwọn igbó Áfíríkà jáde. Bí a bá pín in dọ́gba, igi gbígbẹ nǹkan bí tọ́ọ̀nù 396 ni ó wà lórí hẹ́kítà kan, láìka gbòǹgbò. Ìdajì rẹ̀, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 200, ni kábọ́ọ̀nù. Àwọn igi ńláńlá bí àràbà àti ìrókò ni ó sì ń gbé púpọ̀ nínú ẹrù náà, kò sì sí ẹni tí ó lè gbin ìrókò ọlọ́gọ́rùn-ún ọdún ní ọdún mẹ́wàá.

Ní ti oko igi, bí a bá ń gé e ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, àká rẹ̀ a ṣófo lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a sì kún lọ́jọ́ tí a ó gé e. Bí a bá pa gbogbo ọdún náà pọ̀, nǹkan bí ìdajì ohun tí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ gígé ni ó ń gbé. Ìwé tí a sì fi igi rẹ̀ ṣe kì í pẹ́ di pàǹtí, tí a ó dáná sun. Àwọn kan ń sọ pé ẹgàn ti darúgbó, kò dàgbà mọ́. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2009 sọ pé láti 1968 sí 2007, àwọn igbó àgbà Áfíríkà ń fi kábọ́ọ̀nù nǹkan bí tọ́ọ̀nù 0.63 kún orí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún.

Èyí kò sọ pé oko igi kò dára. Ó ń yára fa kábọ́ọ̀nù nígbà èwe rẹ̀. Ó ń fún wa ní òpó, pákó àti igi ìdáná. Bí a bá sì gbìn ín sí ilẹ̀ tí ó ti gbó, ó lè gba ẹgàn lọ́wọ́ àáké. Tíìkì tí a fi kọ́ ilé ń pa kábọ́ọ̀nù rẹ̀ mọ́ pẹ́ ju igi tí a fi ṣe ìwé lọ. Ohun tí ó burú ni kí a wó ẹgàn kí a tó gbìn ín, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé igbó kò dín.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti àná nìkan. Nínú ètò AFR100, tí a bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ìjọba Nàìjíríà ṣe ìlérí láti mú hẹ́kítà mílíọ̀nù 4 ilẹ̀ tí ó ti bàjẹ́ padà bọ̀ sípò. Ní 2019, Lewis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìṣirò fún hẹ́kítà mílíọ̀nù 350 tí àwọn orílẹ̀-èdè ń lépa lápapọ̀. Bí a bá jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ di igbó fúnra rẹ̀, yóò ti fi bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 42 kábọ́ọ̀nù pamọ́ nígbà tí ó bá máa fi di 2100. Bí gbogbo rẹ̀ bá di oko igi, bílíọ̀nù 1 péré ni. Ìlérí kan náà, ilẹ̀ kan náà. Orúkọ ni ó bo ìyàtọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa ní ọ̀rọ̀ náà, ẹgàn, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọn yóò bèèrè nígbà tí a bá sọ fún wọn pé a ti gbin igbó. Àwọn àgbà máa ń wí pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Ìtàn Ọmọ fi kún un pé irú igi kan ṣoṣo, bí ó tilẹ̀ pọ̀ tó ẹgbàágbèje, kò dá igbó ṣe pẹ̀lú.