Ìràwé Kì í Dájọ́ Ilẹ̀ Kó Sùn Sókè

Ìràwé kì í dájọ́ ilẹ̀ kó sùn sókè. Àgbà a máa pa òwe yìí fún onígbèsè tí ọjọ́ rẹ̀ pé, tàbí fún ẹni tó fẹ́ yẹ àdéhùn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọjọ́ tí a dá kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti Ọ̀rẹ̀ lọ sí Odígbó láàárín oṣù Ọ̀pẹ sí Èrèlé, tó sì ń wo igi lọ, yóò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan: ta ló ń bá ìràwé dá ọjọ́ náà?

Ọ̀pọ̀ yóò ní ọyẹ́ ni. Lóòótọ́, atẹ́gùn gbígbẹ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá a máa gbẹ ilẹ̀, omi a sì wọ́n fún gbòǹgbò. Àmọ́ igi fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tó kù. Á kọ́kọ́ fa oúnjẹ inú ewé padà sínú ẹ̀ka àti ìtì. Àwọ̀ tútù tí ewé fi ń gba agbára oòrùn á tú ká, pupa rúsúrúsú tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ tipẹ́ á wá yọ síta. Lẹ́yìn èyí, igi á là ní ìdí ewé, á sì fi èèpo líle dí ojú ibẹ̀ kí omi má baà jò, kí àrùn má sì wọlé. Atẹ́gùn kàn ń kó ohun tí igi ti tú sílẹ̀ ni. Ẹ wo ẹ̀ka tí a fi àdá ṣá: ewé rẹ̀ á gbẹ mọ́ ọn lára ni, kò ní tètè bọ́, nítorí pé kò rí àyè múra.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òtútù àti ojúmọmọ tó ń kúrú ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ igi wọ́wé ní àsìkò kan náà. Níhìn-ín, kálukú ló ní ọjọ́ tirẹ̀. Mẹ̀línà tí wọ́n gbìn sí igbó ọba Olúwa nítorí iṣẹ́ pépà lè ti pupa, kí àràbà ti dúró ní ìhòòhò, kí ewé fúrúùtù ọgbà ilé ẹ̀kọ́ pọ́n bí ata, kí máńgòrò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀.

Rọ́bà ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí jù. Igi ilẹ̀ Brazil ni, ó sì ti di ará ilé ní Àràròmí-Obù. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ewé oko rọ́bà á pọ́n, á wọ́, orí igi á sì ṣófo. Kò pẹ́ tí ewé titun á fi rú, pupa ni òun náà sì máa ń bá jáde, gẹ́gẹ́ bí ọ̀mùnú kòkó àti ti máńgòrò. Nítorí náà, lọ́dọ̀ tiwa, pupa kì í ṣe àmì ogbó nìkan. Àwọ̀ ìkókó náà ni. Àwọn tó ń sá igi rọ́bà gba oje mọ̀ pé oje á dín kù lásìkò yìí, torí pé orí ewé titun ni igi ń ná oúnjẹ tó ti fà pa mọ́ sí. Ọlọ́gbọ́n nínú wọn á fi ọ̀bẹ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Ìmúrasílẹ̀, nígbà náà, ni ẹ̀kọ́ òwe yìí, kì í ṣe bíbọ́ nìkan. Àgbà tó fẹ́ fi oko kòkó lé ọmọ lọ́wọ́, kó ti máa mú un lọ wo ààlà nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń gbé e.