Ìrú Ti Wà Kí Ajinomoto Tó Dé

Ní 1908, Kikunae Ikeda, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jàpáànì, rí i pé glutamate, ọ̀kan lára àwọn amino acid, ló ń mú omi ewéko òkun dùn lẹ́nu. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ka irú adùn bẹ́ẹ̀ sí ọgbọ́n ilé iṣẹ́ ńlá. Ìtàn yẹn kù síbì kan. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta glutamate yìí ní orúkọ Ajinomoto ní 1909, ásíìdì ni wọ́n fi ń fọ́ purotéènì àlìkámà. Kò sí kòkòrò àìfojúrí kankan nínú iṣẹ́ náà. Àwọn onírú ilẹ̀ Ọ̀ṣun ni kòkòrò ń bá ṣiṣẹ́ ní tiwọn.

Igi ilẹ̀ ọ̀dàn ni irúgbá tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe ìrú, kì í pọ̀ nínú igbó Ìjẹ̀ṣà, nítorí náà apá òkè ni èso rẹ̀ ti ń wá. Onírú á sè é bíi wákàtí méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tàbí kó gún un kí èèpo lè bó, á ṣàn án, á tún un sè, á dà á sínú apẹ̀rẹ̀ tàbí igbá ní gbígbóná, á sì fi ewé bò ó fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ìwádìí tí S. A. Odunfa ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní 1981 fi hàn pé Bacillus subtilis wà lára àwọn kòkòrò tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ́ńsáìmù rẹ̀ ló ń gé purotéènì sí amino acid, glutamate sì wà lára wọn. Òórùn tí àwọn ọmọ ìlú ńlá ń yínmú sí, ammonia ni, ẹ̀rí pé iṣẹ́ ti wọra.

Ẹnìkan lè ní àwọn onírú kò mọ̀ pé kòkòrò wà, pé àkọsẹ̀bá ni. Àkọsẹ̀bá wo ló ń tún ara rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ ọjà gbogbo? Sísè pípẹ́ yẹn ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò, ṣùgbọ́n Bacillus ní hóró líle tí omi híhó kì í tètè pa. Bí wọ́n bá bo ìrú ní gbígbóná, òun ló máa ń ráyè. Ṣíṣà ni wọ́n ń ṣà á, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Shukuo Kinoshita àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kyowa Hakko, ilé iṣẹ́ kan ní Jàpáànì, tí wọ́n rí kòkòrò tó ń fi ṣúgà ṣe glutamate ní 1956, náà kò dá a: inú ilẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Òótọ́ ni pé ti Jàpáànì ń hun glutamate tuntun, ti onírú sì ń gé purotéènì tó ti wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Jàpáànì tún pa ẹ̀yà kan ṣoṣo mọ́, wọ́n ń ṣàtúnṣe àbùdá irú rẹ̀ kó lè pèsè púpọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ti borí.

Ní 1991, wọ́n dá West African Seasoning sílẹ̀ ní Èkó láti máa ta Ajinomoto. Ọdún yẹn kan náà ni Cadbury Nigeria gbé ìrú oníkúùbù jáde, tí wọ́n pè ní Dadawa. Kò tà bí wọ́n ṣe rò. Àwọn kan ní ìrú kò bá ìgbà mu mọ́, èmi kò gbà. Glutamate ṣeé dá yọ nítorí ohun kan ṣoṣo ni. Ẹni tó ń ra ìrú wooro tàbí pẹ̀tẹ̀ ní Ọjà Àtàkúmọ̀sà ní Iléṣà, àdàlù amino acid pẹ̀lú òórùn rẹ̀ ló ń sanwó fún.