Ta Ni Yóò Tukọ̀ Super Eagles? Ẹ Jẹ́ Ká Wo Ẹ̀yìn Wò

Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Gbogbo ìgbà tí àjọ NFF bá ti ń wá akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun fún ikọ̀ Super Eagles, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń gba ẹnu aráàlú: ṣé òyìnbó ni ká gbé iṣẹ́ náà fún ni, tàbí ọmọ bíbí ilẹ̀ wa? Ìtàn fi yé wa pé ìbéèrè mìíràn wà tó ju èyí lọ.

Ní 1980, Otto Glória, ọmọ ilẹ̀ Brazil, ló wà nídìí ọkọ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Sùúrùlérè. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́ẹ̀mejì, Mùdá Láwàl fi ẹyọ kan kún un, Algeria kò sì rí ìkankan dá padà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Modákẹ́kẹ́, kó ikọ̀ náà dé àṣekágbá ní Abidjan, níbi tí Cameroon ti fi àmì ayò mẹ́ta sí ẹyọ kan borí wa. Àlejò ṣe é. Ọmọ onílé náà ṣe é dé ẹnu ọ̀nà.

Clemens Westerhof, ará Netherlands, dé ní 1989. Nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ti 1990, Algeria na ikọ̀ rẹ̀ ní àmì ayò márùn-ún sí ẹyọ kan nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ lóde òní ni, ariwo pé kí wọ́n lé e ì bá ti gba ìlú kan. Wọn kò lé e. Ipò kejì ni a ṣe nínú ìdíje yẹn, a ṣe ipò kẹta ní 1992, a sì gba ife ní Tunis ní 1994, kí a tó lọ sí ife-ẹ̀yẹ àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ní ọdún kan náà.

Ti Shaibu Amodu yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló mú wa pegedé fún ife-ẹ̀yẹ àgbáyé, ti 2002 àti ti 2010. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣe ipò kẹta nílẹ̀ Áfíríkà ní ọdún méjèèjì. Onígbìndé ni wọ́n pè padà ní 2002. Lars Lagerbäck, ará Sweden, ni wọ́n gbé e fún ní 2010. Nígbà méjèèjì, a kò borí ẹnikẹ́ni, àmì kan péré ni a sì kó wálé. Ẹni tó gbin àgbàdo kọ́ ló kórè rẹ̀. Ẹni tí a pè wá kórè kò sì mọ bí ebè ṣe lọ.

Ẹnìkan lè ní Bora Milutinović náà rọ́pò Philippe Troussier kí ìdíje 1998 tó dé, a sì na Spain. Òótọ́ ni; ṣùgbọ́n Denmark fi mẹ́rin sí ẹyọ kan dá wa padà sílé.

Stephen Keshi, balógun ikọ̀ 1994, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, ní 2013. Síbẹ̀, kò pẹ́ rárá lẹ́yìn ayọ̀ náà tó kéde pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó tó yí ọkàn padà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, òun àti Amodu papò dà láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn.

Ǹjẹ́ a kọ́gbọ́n? Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, wọ́n lé Gernot Rohr nígbà tí ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀. FIFA pàṣẹ pé kí NFF san owó tó lé ní 370,000 dọ́là fún un. Láàárín ìgbà náà sí ìbẹ̀rẹ̀ 2025, a ti lo Augustine Eguavoen, José Peseiro àti Finidi George. A kéde Bruno Labbadia, kò dé. A wá mú Éric Chelle, ọmọ Mali. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, orílẹ̀-èdè Benin na wa ní méjì sí ẹyọ kan. Ta ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn? Rohr tí a lé ni.

Nítorí náà, kí a tó béèrè ibi tí ẹni tuntun ti wá, ẹ jẹ́ ká béèrè ọdún mélòó tí a óò fún un, bóyá a óò san owó rẹ̀ lásìkò, àti bóyá a óò jẹ́ kó kórè ohun tó bá gbìn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.