Òkè Ìdànrè àti Ìlera Àgbàlagbà

Kí ọdún 1923 tó dé, orí òkè àpáta ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé. Ìtàn wọn sọ pé wọ́n lo bíi 800 ọdún níbẹ̀. Odi ni òkè náà jẹ́ fún wọn. Ẹni tí ó bá sì ru iṣu tàbí igi ìdáná gùn ún, iṣan itan àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ yóò bá ẹrù wọ̀yá ìjà.

Ní 1923, wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tí ìlú wà lónìí. Nígbà tí ọkọ̀ dé, ẹrù kúrò lórí. Ohun tí ó bá a lọ kò tètè hàn.

Ní 1988, Gerald Reaven, dókítà ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí kò bára dé ṣe ń kóra jọ sí ara ẹnì kan. Àkójọ yìí ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún àtọ̀gbẹ àti àìsàn ọkàn. Iṣan tí ń ṣiṣẹ́ a máa fa ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí kò ṣiṣẹ́ kì í gbà á dáadáa. Ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe ìdárayá tí ń fún iṣan lágbára, ó kéré tán, lọ́jọ́ 2 lọ́sẹ̀.

Àìsàn wà lórí òkè láyé àtijọ́, kò sì sí ẹni tí yóò ní kí Ìdànrè padà síbẹ̀. Àmọ́ ohun tí òkè fi ipá ṣe fún baba, ọmọ ní láti mọ̀ọ́mọ̀ wá a: ìjókòó àti ìdìde léraléra, garawa omi lọ́wọ́ méjèèjì, tàbí àtẹ̀gùn òkè náà tí ó ju 600 lọ, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn tí dókítà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.