Ojú-Ìwé Kẹta

Ẹnikẹ́ni tó bá ta ìwé ìròyìn ní Lọ́ńdọ̀nù láyé ìgbà tiwa ló mọ ohun tó wà ní ojú-ìwé kẹta The Sun. Rupert Murdoch ra ìwé ìròyìn náà ní 1969. Ní Oṣù Kọkànlá 1970, nígbà tó ń ṣe ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀, olóòtú rẹ̀, Larry Lamb, gbé àwòrán ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ṣí ọmú sílẹ̀ jáde. Ọjà tà wàràwàrà, ó sì di àṣà.

Ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Peckham, àwọn bíríkìlà á rà á mọ́ sìgá àti mílíìkì láàárọ̀ kùtù. Àwọn ìyá ìjọ tó bá wá ra káàdì tí wọ́n fi ń pe ilé á fojú ẹ̀gbẹ́ wo èyí tí oníbàárà kan ṣí sílẹ̀ lórí káńtà, wọ́n á ní, “Ìyá Dúpẹ́, ṣé ẹ ò lè da nǹkan bo ọmọ ọlọ́mọ yìí ni?” Ẹ̀rín ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Èrè orí ìwé ìròyìn ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tìtorí rẹ̀ wọlé kì í jáde láìra nǹkan mìíràn.

Òfin wà nílẹ̀ o. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1959 ka ìwé àti àwòrán ìṣekúṣe léèwọ̀, àmọ́ ohun tó lè sọ ẹni tó rí i di oníwà ìbàjẹ́ ló ń wá. Ọmú lásán kò tó o mú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1986, aṣòfin kan tó ń jẹ́ Winston Churchill, ọmọ-ọmọ olórí ìjọba ayé ogun, gbé àbá wá pé kí òfin náà le sí i. Ibẹ̀ ni Clare Short, tó ń ṣojú Ladywood ní Birmingham, ti dìde, tó ní òun náà á gbé àbá wá lórí ojú-ìwé kẹta. Ní ọjọ́ 12 Oṣù Kẹta, ó lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ilé ìgbìmọ̀ máa ń fún aṣòfin tó bá ní àbá tara rẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ làwọn ọkùnrin kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀, aṣòfin 97 gbè é, 56 ní rárá. Ẹ má tíì jó. Irú àbá bẹ́ẹ̀, bí ìjọba ò bá wá àyè fún un, ibi tó bẹ̀rẹ̀ ló máa ń kú sí, ibẹ̀ náà sì ni tirẹ̀ kú sí. Lẹ́tà ni kò dáwọ́ dúró: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló wọlé tọ̀ ọ́ wá, obìnrin ló kọ èyí tó pọ̀ jù, wọ́n sì kó díẹ̀ nínú wọn jọ sínú ìwé.

Ohun tó dùn mí jù ni ti ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún 16 ni Samantha Fox nígbà tó kọ́kọ́ yọ níbẹ̀ ní 1983. Ẹnikẹ́ni ò rú òfin, torí pé lábẹ́ òfin 1978 tó ń dáàbò bo ọmọdé, ẹni tó bá ti pé 16 kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ìgbà tí Dúpẹ́ tèmi pé 16, ìdánwò GCSE ló ń kà fún, mo ṣì ń lé e lọ sùn! Òfin 2003 lórí ẹ̀ṣẹ̀ ìbálòpọ̀ ló tó sọ ọ́ di 18. Nínú gbogbo ariwo yìí, ibi kan ṣoṣo tí mo rí tí òfin ti fọwọ́ kan ojú-ìwé náà gan-an nìyẹn.

Ní 2012, lásìkò eré Òlíńpíìkì Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin kan tó ń jẹ́ Lucy-Anne Holmes rí i pé Jessica Ennis gba wúrà, síbẹ̀ ọmọ ojú-ìwé kẹta ni àwòrán obìnrin tó tóbi jù nínú The Sun. Ó bẹ̀rẹ̀ ìpolongo, ó ń gba ìbuwọ́lùwé kí wọ́n lè yọ àwòrán náà kúrò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, aṣòfin Caroline Lucas wọ T-shirt ìpolongo náà lọ síbi ìjíròrò. Alága ní kó wọ jákẹ́ẹ̀tì lé e, torí pé kò bá ìlànà ìwọṣọ mu. Lucas gbọ́ràn, ó wá béèrè bó ṣe jẹ́ pé ibi mẹ́jọ ni wọ́n ti ń ta The Sun nínú ọgbà ilé ìgbìmọ̀ kan náà.

Ní Oṣù Kìíní 2015, àwòrán náà pòórá láìsí ìkéde. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó yọjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ọmọbìnrin kan ń ṣẹ́jú sí òǹkàwé, ó sì tún lọ. Àwọn kan ní Holmes ló borí. Ó gbìyànjú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wo ọmú lọ́dún yẹn ti ní fóònù lápò, kò sídìí fún un láti náwó sórí ìwé ìròyìn. Ìwé ìròyìn mìíràn, Daily Star, ṣì ń tẹ irú àwòrán tirẹ̀ jáde títí di 2019.