Orúkọ Méjì Lórí Ilé Kan ní Peckham

Láti ọdún 1980 ni òfin ilẹ̀ England ti fún ayálégbé kánsù ní ẹ̀tọ́ láti ra ilé tó ń gbé ní ẹ̀dínwó. Òfin ilé ti ọdún 1985 tún gbà kó fa ará ìdílé tí kò ju mẹ́ta lọ mọ́ra nínú ìrajà náà, bí wọ́n bá ti bá a gbé fún oṣù 12. Ẹ̀tọ́ yìí bá ìdílé Yorùbá ní Peckham, ní London, lára mu: ìyá ló ni ẹ̀dínwó, ọmọ ló níṣẹ́ tí báǹkì á wò yá wọn lówó. Bí ọmọ bá wá kú ṣáájú ìyá, ta ló ni ìpín rẹ̀?

Bí wọ́n bá jẹ́ joint tenants, kò sí ìpín tí olóògbé lè fi sílẹ̀. Gbogbo ilé di ti ẹni tó kù lójú ẹsẹ̀, ohun yòówù kí ìwé ìhágún wí. Ìyàwó àti ọmọ ẹni tó ń san mọ́gééjì kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀, àfi bí ilé ẹjọ́ bá dá sí i lábẹ́ òfin ọdún 1975 tó ń dáàbò bo ìdílé olóògbé. Bí wọ́n bá jẹ́ tenants in common, ìpín kálukú á lọ sọ́dọ̀ ajogún rẹ̀. Níbi tí ìwé bá ti dákẹ́, ẹjọ́ ló kù. Nínú ẹjọ́ Laskar lọ́dún 2008, ìyá àti ọmọbìnrin rẹ̀ jọ ra ilé kánsù láti fi gba owó ilé. Nítorí pé òwò ni, ilé ẹjọ́ kò kà á sí pé ọgbọọgba ni wọ́n ni ín, ó fún ọmọ ní ìdá 33 nínú 100.

Àṣà wa gba ọ̀nà mìíràn. Suberu Dawodu ti Èkó fi ọmọ 9 sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó 4. Lọ́dún 1962, ilé ẹjọ́ Privy Council ní London fara mọ́ ọn pé ìdí-igi, ìyẹn ìpín kan fún àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ni kí wọ́n fi pín dúkìá rẹ̀. Lábẹ́ àṣà yẹn, ikú ọmọ kan kì í pa ìpín rẹ̀ run. Àwọn ọmọ tirẹ̀ ló ń dìde dúró níbẹ̀.

Síbẹ̀, àṣà kan náà kì í jẹ́ kí opó jogún ọkọ. Mo gbà pé joint tenancy ni ààbò tó dára jù fún tọkọtaya tó jọ bí gbogbo ọmọ wọn: mọ̀lẹ́bí ọkọ ò ní lè lé opó jáde. Ṣùgbọ́n fún ìyá àti ọmọ, fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, fún ọkọ tó ti bímọ sílé tẹ́lẹ̀, ó ń fi ẹ̀tọ́ du àwọn tí olóògbé ní lọ́kàn. Ó yẹ kí lọ́yà wọn béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ kó tó kọ fọ́ọ̀mù TR1 tí wọ́n fi ń gbé ilé sórúkọ wọn.

Ẹni tó ti ra ilé bíi joint tenant ṣì lè kọ lẹ́tà sí ẹni tí wọ́n jọ ni ilé pé òun ya ìpín òun sọ́tọ̀. Òfin dúkìá ti ọdún 1925 fún un láyè, kò sì nílò àṣẹ ẹni náà. Ìwé ìhágún nìkan ò lè ṣe é. Lẹ́tà gbọ́dọ̀ ti délé nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà láàyè.